Ilé ìtọ́jú àgbà tí ìyá mi wà ní Abẹ́òkúta, àti ìwé àṣẹ tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn

Oṣù mẹ́rin ni ìyá mi ti lò báyìí ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan nínú ìlú Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí a ti gbé wọn lọ síbẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ àti ìbátan ti ń bi mí bóyá ibẹ̀ dára, bóyá owó rẹ̀ kò ga jù, àti bóyá àwọn náà lè gbé òbí wọn síbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe pinnu láti kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn àti èyí tó ń kọ mí lóminú. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí pé àléébù tó tóbi jù níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè tún ṣe, n kò sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú ìyá mi pàdánù iṣẹ́ wọn nítorí ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀: ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú wọn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kò sí ẹnikẹ́ni láti ìta tó ti wọlé wá yẹ iṣẹ́ àwọn wò rí, àfi àwa ẹbí.

Ọmọ ọdún 81 ni ìyá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n lọ́dún tó kọjá, apá àti ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí-Àbà ni mò ń gbé, mo sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Láderin lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Èkó lọ́jọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ ni ìyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lé ní 60 ọdún, eékún sì ń dà wọ́n láàmú. Àbúrò wa obìnrin wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òun gan-an ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà. A kọ́kọ́ gba ọmọbìnrin kan sílé láti máa ràn wá lọ́wọ́, lẹ́yìn rẹ̀ a gba òmíràn, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 19 kò lè dá gbé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti wúwo, ìyá mi sì ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a pe ìpàdé ẹbí, bàbá wa kan bi wá pé ṣé ọmọ mẹ́ta kò tó láti tọ́jú ìyá kan ni, wọ́n sì rán wa létí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn nílò ẹni tí yóò máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán-tòru, èmi àti ìyàwó mi kò sì lè ṣe é títí kí àwa náà má dùbúlẹ̀ àìsàn. Ibi tí wọ́n yóò ti bá wa ṣe é dáadáa ni a lọ wá.

₦220,000 ni a ń san lóṣù. Oúnjẹ, ìwẹ̀, fífọ aṣọ àti yíyẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò láàárọ̀ àti lálẹ́ wà nínú owó yìí. Oògùn àti pámpásì kò sí nínú rẹ̀. Àgbàlagbà 14 ni ó wà nínú ilé náà nígbà tí mo ka iye wọn, mẹ́ta mẹ́ta nínú yàrá tó pọ̀ jù, ilé náà sì jẹ́ ilé ilẹ̀, èyí tí mo kà sí ohun rere nítorí pé kò sí àtẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni yóò já bọ́ láti orí rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n mí sínú, wọ́n sì sọ pé kò rùn. Ẹni tó bá ti wọ ilé tí àwọn tí kò lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbé yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni ẹ̀gbọ́n mi sọ yẹn.

Oúnjẹ wọn dára ju bí mo ti rò lọ. Láfún ni ìyá mi fẹ́ràn láti ìgbà èwe wọn, wọ́n sì ń rò ó fún wọn pẹ̀lú ewédú tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n á fi omi gbígbóná dẹ̀ ẹ́ kí ó lè rọrùn fún wọn láti gbé mì, nítorí pé àìsàn náà kan ọ̀nà ọ̀fun wọn. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń fún wọn lóúnjẹ kì í kánjú. Ó máa ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí ìyá mi ti lè rí i, á dúró kí wọ́n gbé òkèlè kan mì tán kí ó tó fún wọn ní òmíràn. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n débẹ̀, mo gbọ́ tó ń fi oríkì pè wọ́n, Àṣàbí, tó sì ń ki ìdílé wọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ ọ, ìyá mi tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn mọ́ sì ń mi orí, omijé ń bọ́ lójú wọn. N kò rí ibi tí a ti lè fi owó ra irú ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ọwọ́ nìkan ni mo ń gbé yẹ̀ wò, ǹ bá ti parí ọ̀rọ̀ mi síbí, ǹ bá sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n máa lọ.

Nínú ọ́fíìsì ìyáàfin tó ni ilé náà, ìwé mẹ́ta ni ó wà nínú férémù lára ògiri. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, gbogbo wa sì ń pè wọ́n ní Mátírọ́ọ̀nù. Ìwé àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀. Ìkejì jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n san owó orí. Ìkẹta jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tó fara pa. Mo bi wọ́n pé níbo ni ìwé àṣẹ tó sọ pé ilé yìí lè gba àgbàlagbà sílé kí ó sì máa tọ́jú wọn wà. Wọn kò bínú. Wọ́n ní, “Ọ̀gá mi, mo ti ń lé ìwé yẹn kiri láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ibí. Ọ́fíìsì kan á ní ilé ìwòsàn ni mí, kí n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìlera. Àwọn ìlera á ní n kì í ṣe ilé ìwòsàn, kí n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìgbé ayé àwùjọ.” Mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, nítorí pé wọ́n mú fáìlì tí wọ́n kó lẹ́tà wọn sí jáde, wọ́n sì jẹ́ kí n kà á.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ìwé CAC kò fi tó, nítorí pé mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹbí tí férémù wúrà nìkan fi lọ́kàn balẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú tàbí ẹni tó ń ta irin ní Láfẹ́ńwá máa ń gbà. Ohun tó ń sọ ni pé orúkọ okòwò yìí ti wà nínú ìwé ìjọba, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò béèrè pé ènìyàn mélòó ni yóò wà lójúfò lóru fún àgbàlagbà 14. Kò béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú oògùn sí àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iná bá sọ nínú ilé ní òru, tí mẹ́sàn-án nínú àwọn 14 náà kò lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, ìwé náà kò mọ ohunkóhun nípa bí wọn yóò ṣe gbé wọn jáde.

Mátírọ́ọ̀nù tún fi ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tiwọn hàn mí, èyí tí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà fún wọn. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, tiwọn kò sì tíì kọjá àkókò. Inú mi dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ìwé yẹn ń fún láṣẹ, kì í ṣe ilé. Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù bá ti lọ sílé wọn ní aago méje alẹ́, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì ni ó ń kù nínú ilé, àwọn méjèèjì kò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rí. Ọsibítù aládàáni ni wọ́n ti kọ́ ìwọ̀nba tí wọ́n mọ̀. Èyí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ọkàn ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé òru ni àgbàlagbà máa ń ṣubú, òru ni èémí máa ń há, òru náà sì ni kò sí àlejò tó lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Mo lọ síbẹ̀ ní òru kan láì sọ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin pẹ́, ó ti kọjá aago mẹ́wàá kí n tó dé Abẹ́òkúta, ọkàn mi sì kàn ní kí n yà kí ìyá mi. Ooru mú gan-an. Iná ìjọba kò sí, wọ́n sì ti pa ẹ̀rọ amúnáwá láti aago mẹ́wàá, bí wọ́n ti máa ń ṣe láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjèèjì ń lọ láti yàrá sí yàrá pẹ̀lú iná fóònù, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àwọn àgbàlagbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kò sùn, n kò sì lè gbàgbé ìyẹn fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan ibùsùn ìyá mi, mo rí i pé ó ti rọ̀ pẹlẹbẹ. Tìmùtìmù tí a rà fún wọn jẹ́ irú èyí tí ẹ̀rọ kékeré kan máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, tó ń kún tó sì ń rọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, kí ibì kan ṣoṣo má baà máa gbé ìwúwo ara. Iná ni ẹ̀rọ náà ń lò. Bí iná bá ti lọ, afẹ́fẹ́ á jáde, ẹni tó sùn sórí rẹ̀ á sì bá ara rẹ̀ lórí pátákó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí ojú ibì kan tó ti pọ́n ní ìbàdí ìyá mi, èyí tí ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ máa ń dá síni lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó gbà kí ó tó lọ.

Ohun tí mo rí lóru náà ni ó mú mi ka ìwé nípa ohun tí àwọn ìjọba mìíràn ti ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì ńlá kan tí wọ́n pè ní Irma jà ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Iná tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù ilé ìtọ́jú àgbà kan ní ìlú Hollywood lọ, àwọn àgbàlagbà sì wà nínú ooru fún ọjọ́ mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn ńlá kan wà nítòsí wọn gan-an. Ènìyàn 12 ni àwọn aláṣẹ sọ pé ooru náà fa ikú wọn. Ilé tó ní ìwé àṣẹ ni, kì í ṣe ilé tó fara pamọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gómìnà ìgbà náà, Rick Scott, pàṣẹ ìlànà pàjáwìrì: gbogbo ilé ìtọ́jú àgbà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ amúnáwá, kí wọ́n sì ní epo tí yóò gbé e fún wákàtí 96, wọ́n sì fún wọn ní ọjọ́ 60 láti ṣe é.

Ìlànà pàjáwìrì yàtọ̀ sí òfin tí a mọ̀. Ní ọ̀nà tó wà nílẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ gbé ìlànà kan jáde gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ṣáájú, kí ó fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn láàyè láti sọ tẹnu wọn, kí ó sì dúró fún oṣù púpọ̀ kí ìlànà náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ewu bá dojú kọ ẹ̀mí àwọn ènìyàn, òfin lè gbà wọ́n láàyè láti fo àwọn ìgbésẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ewu náà sílẹ̀ gbangba, ìlànà náà kì í sì í pẹ́ láyé. Ní Florida, kò lè kọjá ọjọ́ 90. Mo fẹ́ràn èyí, nítorí pé ó ń mú kí ìjọba yára, ó sì ń fi ìdè sí ìyára náà.

Àwọn ẹgbẹ́ onílé ìtọ́jú gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú adájọ́, ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, adájọ́ sì dá wọn láre. Ó ní ìjọba kò fi hàn pé ewu tó wà nílẹ̀ tó èyí tó lè mú wọn fo ọ̀nà tó yẹ, àti pé ọjọ́ 60 kò tó fún ọ̀pọ̀ ilé láti ra ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Wọ́n padà gba ọ̀nà tó gùn, àwọn aṣòfin sì fọwọ́ sí ìlànà náà ní ọdún 2018. Ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀ fún ìlú tiwa ni pé kíkánjú láì gbọ́ tẹnu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lè fi ohun tó tọ́ gan-an ṣòfò fún oṣù mélòó kan.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní ilé ìwòsàn Àrò ní ọdún 1954. Àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ń gbé ní ilé àwọn ará abúlé tó yí Àrò ká, mọ̀lẹ́bí kan á bá wọn wá láti máa se oúnjẹ fún wọn, wọ́n á sì máa gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Gbogbo ayé ni ó wá kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Ohun tí a máa ń gbàgbé nígbà tí a bá ń fi í yangàn ni pé ilé ìwòsàn kò fi àwọn onílé sílẹ̀ láti máa dá ṣe é. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì mọ ilé tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan wà, ojú wọn sì wà lára rẹ̀. Àlejò tó sanwó ibùgbé ni aláìsàn náà, síbẹ̀ ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí onílé mọ̀ pé yóò wá wò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá fún ìyá mi.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà nínú òfin wa. Abala 17 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo àwọn ọmọdé, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn arúgbó lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ àti ìpatì. Àfikún kẹrin ìwé òfin kan náà sì ka ilé fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú. Òfin kan tún wà láti ọdún 2017 tó dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ní òru tí mo sọ yẹn, kò sí èyí tó kan ilẹ̀kùn ilé náà láti béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀rọ amúnáwá fi dákẹ́. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń rántí ìgbà tí wolé-wolé máa ń wọ agbo ilé láì sọ tẹ́lẹ̀, tó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tàǹwíìjí wà nínú rẹ̀. Bí a bá lè ṣe ìyẹn nítorí ẹ̀fọn, a lè ṣe é nítorí àwọn òbí wa.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn bá fẹ́ gbé ìlànà pàjáwìrì jáde fún irú ilé yìí, ohun tí mo máa bẹ̀ wọ́n fún kò pọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yan ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí yóò máa gba ìwé àwọn onílé, kí ẹni tó ń fẹ́ ṣe ohun tó tọ́ má baà máa rìn láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn bíi Mátírọ́ọ̀nù. Kí gbogbo ilé tó wà nílẹ̀ forúkọ sílẹ̀ láàárín oṣù kan láì san owó kankan, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbájú mọ́ òru. Kí iye ẹni tó gbọ́dọ̀ wà lójúfò bá iye àgbàlagbà tó wà nínú ilé mu, kí nọ́ọ̀sì kan tó ní ìwé àṣẹ wà tí wọ́n lè pè ní òru tí yóò sì dé láìpẹ́, kí iná wà fún ohun èlò tí ẹ̀mí àti awọ ara ènìyàn gbára lé. N kò béèrè fún ẹ̀rọ amúlétutù. Bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń gba iná oòrùn pamọ́ lè gbé fáànù àti tìmùtìmù ìyá mi di òwúrọ̀. Kí ìwé oògùn wà, tí ẹni tó bá lo oògùn fún aláìsàn yóò fọwọ́ sí. Kí ẹbí sì lè wọlé ní wákàtí tó bá wù wọ́n. Ilé tí kò bá gbà kí n wọlé ní òru, n kò lè fi ìyá mi síbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀rù rẹ̀ nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tí yóò kọ ọ́ fi sọ́kàn. Ó rọrùn fún aláṣẹ láti wá pẹ̀lú kámẹ́rà, kí ó lẹ ìwé pupa mọ́ géètì, kí ó sì lọ. Ibo ni àwọn àgbàlagbà 14 yóò sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà? Méjì nínú àwọn tó wà pẹ̀lú ìyá mi kò ní ọmọ kankan ní Nàìjíríà. Ẹnì kan ń ṣarán débi pé kò mọ orúkọ àdúgbò tó ti wá. Bí wọ́n bá ti ilé náà pa lójijì, ilé tó burú jù ú lọ ni wọn yóò bọ́ sí, níbi tí Mátírọ́ọ̀nù kò sí. Nítorí náà, kí ìlànà sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ ti ilé kankan pa títí a ó fi rí ibi tó dára fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀, àyàfi bí ẹ̀mí wọn bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, kí ìjọba fúnra rẹ̀ sì gbé wọn nígbà náà. Kí ọjọ́ tí wọ́n fún àwọn onílé láti tún nǹkan ṣe sì jẹ́ ọjọ́ tí ẹni tó ń gba ₦220,000 lórí àgbàlagbà kan lè bá, nínú ìlú tí owó epo wa ti rí báyìí.

Àbúrò mi sọ fún mi pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ láì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CQC, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé ìtọ́jú wò níbẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni lè ka ohun tí àwọn olùyẹ̀wò rí ní ilé kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ipò mẹ́rin tí wọ́n ń pín wọn sí, láti èyí tó ta yọ títí dé èyí tí kò kájú òṣùwọ̀n. Ó ní kódà bí òun bá yí àgbàlagbà padà ní aago mẹ́ta òru, òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni mo mú lọ bá Mátírọ́ọ̀nù, wọ́n sì gbà á lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá kí ẹ gbé òbí yín lọ síbẹ̀, ìdáhùn mi ni pé mo ti san owó oṣù mẹ́ta mìíràn. Àwa ẹbí mẹ́sàn-án ti dá owó jọ, a sì ti ra bátìrì mẹ́rin àti pátákó iná oòrùn. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù tó kọjá, tìmùtìmù ìyá mi kò tíì rọ̀ mọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lẹ́bàá ibùsùn wọn báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ṣí i, mo sì ka aago méjìlá, aago méjì, aago mẹ́rin, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ọ̀dọ́bìnrin náà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òru ọjọ́ Ẹtì nìkan ni àyè kan ṣófo nínú rẹ̀, ó sì wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi kí n tó béèrè: àgbàlagbà kan ní yàrá kejì ń bì, àwọn méjèèjì sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àlàyé náà tẹ́ mi lọ́rùn, ó sì tún fi hàn mí pé ènìyàn méjì kò tó.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́. Èmi àti Mátírọ́ọ̀nù yóò jọ gbé fáìlì wọn lọ sí Òkè-Mọ̀sán, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn wà, mo sì ti kọ lẹ́tà tiwa gẹ́gẹ́ bí ẹbí, tí àwa mẹ́sàn-án fọwọ́ sí, láti bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan wá yẹ ilé náà wò, kí ó sì jẹ́ ní òru.